Apẹ̀rẹ̀ Kòkó Mẹ́ta Nínú Ọ́fíìsì Ọ̀mọ̀wé

Ìlú kan wà láàárín Ìkẹ́rẹ́ àti Ìṣẹ́ tí n kò ní dárúkọ, nítorí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ṣì ń gbé ibẹ̀, ó sì fẹ́ràn láti máa pe ènìyàn lẹ́jọ́. Orúkọ òun fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ìyẹn kò ṣeé fi pamọ́, ó ti gùn jù: Ọ̀mọ̀wé Alàgbà Olóyè Ọládipọ̀ Ògúndàná, Ìmọ́lẹ̀ Àkọ́kọ́ Gúúsù Èkìtì, Òpó Tí Kì Í Yẹ̀, Bàbá Ìsàlẹ̀ Gbogbo Ìmọ̀. Oyè ọ̀mọ̀wé yẹn, òtẹ́ẹ̀lì kan ní Àkúrẹ́ ni wọ́n ti fi dá a lọ́lá, òun àti àwọn mẹ́rìndínlógún mìíràn, láàárín àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ àti ìrẹsì. Ẹni tó bá pè é ní "Ọ̀gbẹ́ni" lásán, etí rẹ̀ máa ń di.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni Alákòóso Ètò Àwọn Ọmọ Ọlọ́pọlọ Pípé. Ohun tí wọ́n gbà á sí ni pé kí ó wá àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí orí wọn pé ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ, kí ó sì rí i pé wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn kọ́ sáyẹ́ǹsì. Wọ́n fún un ní ọ́fíìsì, rọ́ọ̀gì pupa, tẹmómítà méjìlá tí àwọn ọmọ yóò máa fi wọn ooru, awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, àti akọ̀wé kan tó ń jẹ́ Kúnlé. Nínú gbogbo wọn, Kúnlé nìkan ni ó ń lò. Iṣẹ́ Kúnlé ni láti máa rẹ́rìn-ín kí àpárá ọ̀gá tó parí, kí ó má baà dà bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e.

Ní àràárọ̀ ọjọ́ Ajé, Ọ̀mọ̀wé a máa kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jọ, a sì máa bá wọn sọ̀rọ̀ fún odindi wákàtí kan.

"Kí oòrùn tó yọ ní ìlú yìí," ni ó wí lọ́jọ́ kan, "ó máa ń kọ́kọ́ yọjú wò bóyá mo ti jí."

"Ẹ̀rù yín ló ń bà á, sà!" ni Kúnlé dáhùn.

"Àwọn òyìnbó kọ lẹ́tà sí mi. Wọ́n ní kí n wá kọ́ àwọn ní sáyẹ́ǹsì. Mo ní rárá. Mo ní ta ni yóò máa ṣọ́ Èkìtì?"

"Ta ni, sà? Ẹ sọ fún mi, ta ni?"

Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ béèrè bóyá òun lè rí lẹ́tà náà. Kí oṣù yẹn tó parí, wọ́n ti gbé e lọ sí abúlé tí ọ̀kadà kì í fẹ́ dé.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí Ọ̀mọ̀wé fi ń yangàn, èyí tó dùn mọ́ ọn lẹ́nu jù ni pé òun kò mọ oko. "Kọ́tásì ìjọba ní Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí," ni ó máa ń wí. "Ọwọ́ yìí kò kan àdá rí. Ẹ gbé kòkó àti obì síwájú mi, n kò ní dá wọn mọ̀ yàtọ̀."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Oko kòkó bàbá rẹ̀ wà lójú ọ̀nà Ẹmùré títí di òní. Ibẹ̀ ló ti ń fọ́ kòkó, tó ń bò ó, tó ń sá a, láti ọmọ ọdún mẹ́fà títí ó fi pé ọdún mọ́kàndínlógún. Àpá àdá wà ní àtàǹpàkò òsì rẹ̀; ó ní ìgò ìwádìí ìjìnlẹ̀ ló gé òun. Gbogbo ìlú ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ni, ta ni yóò bá a jiyàn?

Ní apá kejì ìlú náà, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí Àǹtí Beatrice ti ń kọ́ àwọn ọmọ méjìlá tí ó fúnra rẹ̀ ṣà jọ. Kò ní tẹmómítà ju ẹyọ kan lọ, èyí tí ó fi owó ara rẹ̀ rà. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti fi omi òdòdó ìṣápá dán ọṣẹ àti ọsàn wẹ́wẹ́ wò, wọ́n sì ti kọ àwọ̀ tí ó yí sí sílẹ̀. Nínú wọn ni Olúwadára wà, ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́wàá, tí kì í gba ohunkóhun gbọ́ títí ó fi wọ̀n ọ́n.

Ní oṣù kẹwàá, ìròyìn dé pé ìjọba fẹ́ mú ọmọ méjì ní agbègbè náà lọ sí ilé ìwé sáyẹ́ǹsì tí àwọn ọmọ ń gbé inú ọgbà rẹ̀, ọ̀fẹ́, oúnjẹ àti ìwé pẹ̀lú. Alábẹ̀wò kan yóò wá wo iṣẹ́ ọwọ́ wọn, yóò sì yàn. Àǹtí Beatrice ní kòkó ni àwọn yóò fi ṣe iṣẹ́ náà. Dàpọ̀, bàbá Olúwadára, tó ń dá oko kòkó àti ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ìlú, ló gbé kòkó tútù wá lórí ọ̀kadà.

"Àǹtí," ni Dàpọ̀ wí bí ó ti ń tú okùn ẹrù, "ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín. Bí Dára bá wọ ilé ìwé yẹn, ọpẹ́ ni. Bí kò bá wọ̀ ọ́, ulé àbúrò mi ní Àkúrẹ́ ló ń lọ lẹ́yìn kíláàsì kẹfà, kí ó lọ máa bá a gbé ọmọ. N kò lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Bàbá Dára, ẹ ṣáà fún wa ní ọ̀sẹ̀ kan."

"Kòkó ni mo gbé wá yìí. Ọ̀sẹ̀ kan ti wà nínú rẹ̀."

Òtítọ́ ló sọ. Ẹni tó bá mọ kòkó mọ̀ pé bí a bá fọ́ ọ tán, a ó bo hóró tútù náà mọ́lẹ̀ fún bí ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà kí ó lè kan, kí á tó sá a. Nígbà tí a bá bò ó, yóò máa da omi, yóò máa gbóná fúnra rẹ̀ láìsí iná lábẹ́ rẹ̀. Bí a kò bá sì yí i padà lásìkò, yóò hu. Àwọn ọmọ fẹ́ mọ ìbora tó dára jù. Wọ́n bu kòkó sínú apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta ní ọjọ́ Ajé: wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo ọ̀kan, wọ́n fi àpò bo ìkejì, wọ́n fi ìkẹta sílẹ̀ láìbò. Olúwadára ni wọ́n fi ṣe olórí. Ó ń wọn ooru láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́. Nítorí pé tẹmómítà kan ṣoṣo kò tó, ó tún ń ti ọwọ́ bọ inú kòkó, ó ń ka ení, èjì, títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi kọ̀, ó sì ń kọ iye tí ó kà sí ẹ̀gbẹ́ iye tí tẹmómítà sọ.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́tà dé ọ́fíìsì Ọ̀mọ̀wé pé alábẹ̀wò ń bọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀mọ̀wé kà á lẹ́ẹ̀mejì. Orúkọ òun fúnra rẹ̀ kò sí nínú lẹ́tà náà, àfi lára àpò ìwé.

"Kíláàsì ni wọ́n fẹ́ lọ wò!" ni ó kígbe. "Níbi tí ewúrẹ́ ti ń gba ojú fèrèsé wọlé! Èmi ńkọ́?"

"Àfi bí ẹni wá sí ààfin tó lọ kí ilé ìdáná, sà," ni Kúnlé wí.

Ní Ọjọ́rú, ó gbé Ìwé Àṣẹ Kejìlá jáde. Mo kọ ọ́ síhìn-ín bó ṣe wà: *Ọwọ́ ọmọdé ní kòkòrò, ó sì ń ba ohun ìjọba jẹ́. Nítorí náà, láti òní lọ, sáyẹ́ǹsì àfọwọ́ṣe yóò di èyí tí a ń fi ojú ṣe.* Tẹmómítà méjìlá àti gbogbo awò wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ife-ẹ̀yẹ rẹ̀, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọrùn.

Lẹ́yìn náà ó lọ sí ilé ìwé láti fúnra rẹ̀ yan àwọn ọlọ́pọlọ pípé. Ìdánwò rẹ̀ rọrùn: kí ọmọ dúró, kí ó ka gbogbo oyè Ọ̀mọ̀wé láìmí. "Ọpọlọ tó bá lè gbé orúkọ mi dúró," ni ó wí, "kò sí ohun tí kò lè gbé." Marvellous, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, kà á bí omi, nítorí pé nílé wọn, àdúrà oúnjẹ ni. Nígbà tó kan Olúwadára, ó kà dé "Òpó Tí Kì Í Yẹ̀," ó sì dúró.

"Kí ló dé? O gbàgbé?"

"Rárá, sà. Mo fẹ́ béèrè ni. Ṣé ẹnìkan ti gbé nǹkan lé òpó náà wò ni, sà?"

Wọ́n ní ó ti kùnà. Ọmọ mẹ́jọ ni wọ́n mú, ọ̀kan kò sí nínú wọn tó ti fọwọ́ kan apẹ̀rẹ̀ yẹn rí. Kúnlé àti awakọ̀ ọ̀gá sì gbé apẹ̀rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí ọ́fíìsì, wọ́n gba tẹmómítà Àǹtí Beatrice lọ pẹ̀lú, kí àlejò lè wò wọ́n lábẹ́ fọ́tò ọ̀gá.

Àǹtí Beatrice sáré tẹ̀lé wọn. "Ọ̀mọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́ sà, kòkó tútù ni. Yóò ṣomi. A gbọ́dọ̀ yí i padà ní agogo mẹ́wàá ọjọ́ Ẹtì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ iṣẹ́ àwọn ọmọ yóò bàjẹ́."

"Tíṣà," ni Ọ̀mọ̀wé wí, "n kò mọ èdè oko. Ṣé a ti ń kọ́ ọ̀mọ̀wé níṣẹ́ báyìí?"

Ẹ rò ó wò. Ó mọ̀. Kò sí ohun tí obìnrin yẹn sọ tí kò mọ̀ kí wọ́n tó bí obìnrin náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní "Ẹ gbé e sóde, yóò dami," wọn yóò béèrè ibi tó ti mọ̀ ọ́n. Ó yàn láti jókòó tì í.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọ́fíìsì ti gbóná. Fèrèsé kò ṣeé ṣí, nítorí pé ọ́fíìsì tó bá ní ẹ̀rọ amúlétutù kì í ṣí fèrèsé, bí iná tilẹ̀ ti lọ láti oṣù tó kọjá. Òórùn kíkan bí ẹmu ọjọ́ mẹ́ta gba gbogbo yàrá. Eṣinṣin wá láti ibi tí Ọlọ́run nìkan mọ̀. Omi kòkó rọra wọ́ láti ìdí apẹ̀rẹ̀, ó bọ́ sábẹ́ rọ́ọ̀gì pupa, ó sì ń lọ síbi tí bàtà Ọ̀mọ̀wé wà. Ó rí i. Ó ká ẹsẹ̀ sókè.

"Kúnlé, ṣé o gbọ́ òórùn kankan?"

Kúnlé wo ojú ọ̀gá rẹ̀ láti mọ ìdáhùn tó yẹ. "Òórùn kẹ̀, sà? Òórùn dídùn ni. Bí ìmọ̀ ṣe ń rùn nìyí."

Bí wọ́n ṣe jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú nìyẹn, ọ̀kan ń purọ́ fún èkejì, omijé sì ń dà lójú àwọn méjèèjì.

Alábẹ̀wò dé ní agogo mẹ́wàá ku díẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. Ìyáàfin Folúkẹ́ ni orúkọ rẹ̀, ọmọ àgbẹ̀ láti Ìlasà, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ó ti ń wọlé, ó rí tíṣà kan àti ọmọbìnrin kan lábẹ́ igi máńgòrò. Kúnlé ṣẹ̀ṣẹ̀ lé wọn kúrò lẹ́nu ọ̀nà ni. Nínú ọ́fíìsì, ọmọ mẹ́jọ tò lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n ń fọwọ́ lé eṣinṣin. Ọ̀mọ̀wé dìde.

"Màdámú, ẹ ti dé ibi tí ìmọ̀ fi ṣe ulé..." Ó wúkọ́, nítorí ulé ni ará oko wa ń pe ilé. "Ibi tí ìmọ̀ fi ṣe ilé! Bí òkun bá gbẹ, bí òkè Ìkẹ́rẹ́ bá ṣí kúrò nídìí..."

"Ọ̀mọ̀wé, ẹ má bínú. Kí ló ń rùn báyìí?"

"Kì í ṣe òórùn, Màdámú. Kẹ́míkà ni. Láti ilẹ̀ Jámánì."

"Jámánì gan-an gan-an, mà!" ni Kúnlé fi kún un.

Ìyáàfin Folúkẹ́ yíjú sí àwọn ọmọ. "Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ló wà nínú apẹ̀rẹ̀ yìí?"

Àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ fẹ́ àyà: "Ọ̀mọ̀wé Alàgbà Olóyè Ọládipọ̀ Ògúndàná, Ìmọ́lẹ̀ Àkọ́kọ́..."

"Ó tó. Ìwọ, kí lorúkọ rẹ?"

"Marvellous, mà."

"Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Kòkó ni, mà," ni Marvellous wí, ó yà á lẹ́nu pé àgbàlagbà kò mọ̀. "Ta ni yóò gbé kòkó wá láti Jámánì?"

"Ẹ̀yin lẹ bò ó?"

"Rárá, mà. Olúwadára àti àwọn yòókù ni. Orúkọ Bọ̀ọ̀dá mi ni wọ́n ní kí àwa kọ́ sórí. Olúwadára ló wà lábẹ́ máńgòrò yẹn. Ó ti ń sunkún láti àárọ̀, ó ní kòkó òun á hu."

Wọ́n pe Olúwadára wọlé, òun àti Àǹtí Beatrice. Ó kúnlẹ̀, ó kí wọn, ó sì dìde kíákíá.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó bi mí ní nǹkankan, ẹ jẹ́ kí n yí i. Agogo mẹ́wàá ti lù."

Ó ká ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kúrò. Ooru là jáde. Ìyáàfin Folúkẹ́ ní kí ó kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n, àmọ́ gbogbo tẹmómítà ti wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ọmọ náà kò dúró. Ó ti ọwọ́ bọ kòkó dé ìgúnpá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kà sókè. Ní méjìdínlógún, ó fa ọwọ́ yọ.

"Ooru rẹ̀ jẹ́ mẹ́tàdínláàádọ́ta, mà."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"A ti fi ọwọ́ mi àti tẹmómítà wéra fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí ó bá ṣe gbóná tó ni iye tí mo lè kà ṣe ń kéré."

Ìyáàfin Folúkẹ́ na ọwọ́. Ọ̀mọ̀wé bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn bí ẹni ń bọ́ ìlẹ̀kẹ̀. Tẹmómítà tuntun tí ọmọ kankan kò tíì fọwọ́ kàn wọ inú kòkó: mẹ́rìndínláàádọ́ta.

Olúwadára fa ojú ro. "Mo fi ẹyọ kan ṣì í. Ọwọ́ mi ti tutù níta ni."

Ìyáàfin Folúkẹ́ ti ń kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀.

Yíyí ló kù. Apẹ̀rẹ̀ kejì wúwo, Marvellous bá wọn dá sí i. Ó ń ro ti òkè lásán, ó ń fi ti ìsàlẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń da hóró kòkó sórí rọ́ọ̀gì. Ọ̀mọ̀wé dúró, ó ń wò ó. Ó fún eyín pọ̀. Ó wo àjà. Ó tún wò ó.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀!"

Kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, agbádá ti ká sókè, Òpó Tí Kì Í Yẹ̀ ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó kó ọwọ́ méjèèjì bọ ìdí apẹ̀rẹ̀, ó gbé ti ìsàlẹ̀ wá sókè, ó taari ti ẹ̀gbẹ́ sí àárín, ó ń fọ́ èyí tó ti lẹ̀ pọ̀ láàárín ìka, kíákíá, láìda ẹyọ kan sílẹ̀. Ó mú hóró kan, ó fi èékánná là á, ó gbóòórùn rẹ̀, ó yẹ àwọ̀ inú rẹ̀ wò nínú ìmọ́lẹ̀. Ojú rẹ̀ tutù bí ojú ọmọ tó padà délé.

"Ó ku ọjọ́ méjì," ni ó wí jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà inú bí i. "Ta ni òmùgọ̀ tó gbé irú kòkó dáadáa yìí sínú ulé láìsí afẹ́fẹ́?"

Fún ìgbà àkọ́kọ́, Kúnlé kò mọ ibi tó yẹ kí òun ti rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin ni, Ọ̀mọ̀wé," ni Ìyáàfin Folúkẹ́ wí. "Níbo lẹ ti kọ́ iṣẹ́ yìí? Ẹ mọ̀ ọ́n ju gbogbo wa lọ."

Ọ̀mọ̀wé wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó ń dami. "Nínú ìwé," ni ó wí.

Ojú Olúwadára là. "Ìwé wo ni, sà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá wa. A ti wá irú ìwé bẹ́ẹ̀ títí, a kò rí i."

Ọ̀mọ̀wé fa apá agbádá rẹ̀ wálẹ̀, ó fi bo ọwọ́ náà.

Kí oṣù tó parí, ìwé dé láti òkè. Orúkọ Olúwadára wà níbẹ̀. Ipò kejì, wọ́n ní kí ó ṣófo títí Àǹtí Beatrice yóò fi fúnra rẹ̀ dán àwọn ọmọ yòókù wò. Tẹmómítà àti awò di ti kíláàsì ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ètò náà sì bọ́ sí ọwọ́ Àǹtí Beatrice. Wọ́n ní kí Ọ̀mọ̀wé lọ máa bójú tó yàrá tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí. Kúnlé kò bá a lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ó ń kígbe pé, "Àǹtí wa! Oòrùn wa!" Àǹtí Beatrice na ìgbálẹ̀ sí i.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún tó tẹ̀lé e, Dàpọ̀ gbé àpótí onírin sórí ọ̀kadà, ó gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí gáréèjì. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ṣáà ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá pàdé, àwọn tí kò béèrè pẹ̀lú, pé kì í ṣe Àkúrẹ́ ni wọ́n ń lọ.

Nígbà tí kòkó tún pọ́n, Àǹtí Beatrice kọ̀wé sí Ọ̀mọ̀wé. Ó bẹ̀ ẹ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé kí ó máa wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ láti kọ́ àwọn ọmọ tuntun bí wọ́n ṣe ń yí kòkó, nítorí pé kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n bíi tirẹ̀ ní ilé ìwé náà. Èsì dé lórí ìwé tó nípọn, gbogbo oyè rẹ̀ ní òkè pẹ̀lú àwọ̀ wúrà. Ó ní iṣẹ́ ìlú kò jẹ́ kí òun ráyè. Ó ní, yàtọ̀ sí ìyẹn, kọ́tásì ìjọba ní Ìbàdàn ni wọ́n bí òun sí, òun kò sì mọ ohunkóhun nípa kòkó.

Àwọn ọmọ yí ìwé náà padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́, kò sí nǹkankan lára rẹ̀. Wọ́n fi rúlà fa ìlà sí i, wọ́n kọ ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n kọ ooru sí ìkejì. Ẹ̀yìn ìwé yẹn gba àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.